Hamlet ní Ọ́fíìsì: Bí Owó Kékeré Ṣe Lè Gbé Eré Ààfin Wọ Ayé Òwò

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá tó ń ṣe fíìmù ní Àbújá

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tó jókòó síwájú, mo júbà yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti Kubwa, Lugbe, Nyanya àti Gwagwalada wá, ẹ kú ìrìn, ẹ sì kú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè fi owó tí kò tó nǹkan ṣe fíìmù tó nítumọ̀. Fíìmù kan ni mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ àlàyé mi, torí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè bá a jà.

Ní ọdún 2000, olùdarí fíìmù ará Amẹ́ríkà kan, Michael Almereyda, mú Hamlet, eré tí William Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1600, ó gbé e kúrò ní ààfin Denmark, ó sì gbé e lọ sí New York. Denmark kì í ṣe ilẹ̀ ọba mọ́, ó ti di orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan, Denmark Corporation. Elsinore, tó jẹ́ ààfin, di hòtẹ́ẹ̀lì. Ọba di ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́. Hamlet fúnra rẹ̀, tí Ethan Hawke ṣe, di ọmọ ilé-ìwé tó ń kọ́ṣẹ́ fíìmù, tí kámẹ́rà kékeré kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù méjì dọ́là ni wọ́n ná sí i. Lójú tiwa, owó gọbọi ni. Lójú Hollywood, owó tíntín ni. Wọn kò lo kámẹ́rà olówó ńlá, Super 16, irú fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ni wọ́n fi yà á. Eré tí ó máa ń gbà tó wákàtí mẹ́rin tí wọ́n bá ṣe gbogbo rẹ̀ lórí ìtàgé, wọ́n gé e kù sí 112 ìṣẹ́jú.

Fún ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà, kókó rẹ̀ rèé. Ọba wàjà. Àbúrò rẹ̀, Claudius, gorí ìtẹ́, ó sì fẹ́ Gertrude, opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí oṣù méjì tó pé. Òkú ọba fara han Hamlet ọmọ rẹ̀, ó ní àbúrò òun ló fi májèlé pa òun, kí ọmọ gbẹ̀san. Hamlet ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la. Ó ṣèèṣì pa Polonius, olùdámọ̀ràn ọba. Ophelia, ọmọ Polonius tí Hamlet ń fẹ́, sínwín, ó sì kú sómi. Laertes, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dìde láti gbẹ̀san tirẹ̀ náà. Kí eré tó parí, ọba, ayaba, Hamlet àti Laertes ti di òkú, Fortinbras ọmọ ọba Norway ló wá jogún gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí ẹnìkan bá gbé irú eré yìí wọ ayé òwò, aṣọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wò. Ẹni tó dé adé ti wọ kóòtù, idà ti di ìbọn, ẹṣin ti di jíìpù. Aṣọ kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó ń mú eré oníbànújẹ́ dúró ni ohun tó de àwọn èèyàn inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọn kò fi lè sá. Ní ààfin, adé ni, ẹ̀jẹ̀ ni, ìbúra ni. Tí ẹ bá gbé eré náà dé ọ́fíìsì tí ẹ kò rí ohun tó lè deni bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, eré yín yóò tú, bí ẹ tilẹ̀ ní bílíọ̀nù náírà lọ́wọ́. Tí ẹ bá rí i, yàrá méjì àti òṣèré mẹ́rin ti tó.

Ola Rotimi, òǹkọ̀wé eré ìtàgé wa, mọ èyí. Nígbà tó mú ìtàn Oedipus ti àwọn Gíríìkì wọ ilẹ̀ Yorùbá nínú The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí ìtàgé ní Ifẹ̀ ní 1968, kò fi ìjà oríta tó wà nínú ti àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Oko ni Odewale, ẹni tó dúró fún Oedipus, ti pa bàbá tó bí i láìmọ̀, lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti iṣu, lẹ́yìn tí àgbàlagbà náà ti bú ẹ̀yà tí Odewale kà sí tirẹ̀. Ọkọ́ ló fi pa á. Kò sí Yorùbá tó jókòó wo ibẹ̀ tí yóò béèrè ìdí tí ọkùnrin náà fi bínú tó bẹ́ẹ̀.

Almereyda náà wá ohun tó ń deni nínú ayé tirẹ̀, ó sì rí púpọ̀. Nínú eré àtijọ́, Fortinbras ń kó ogun bọ̀ láti gba ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ pàdánù. Nínú fíìmù, Claudius, tí Kyle MacLachlan ṣe, dúró níwájú àwọn oníròyìn. Ó gbé ìwé ìròyìn sókè, àwòrán Fortinbras wà lára rẹ̀, ọ̀dọ́ olówó kan tó fẹ́ gba ilé-iṣẹ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Claudius fa ìwé ìròyìn náà ya. Ó parí. A kò rí ẹṣin, a kò rí ọmọ ogun, síbẹ̀ a ti mọ̀ pé ogun wà níta. Ẹ ṣírò owó tí olùdarí kò ná níbẹ̀. Mo mọ àwọn tí yóò ti yá jíìpù dúdú mẹ́wàá àti àwọn ọlọ́pàá ayédèrú fún irú ìran bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó rántí pé olówó kì í fi jíìpù gba ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn, ìpín ìdókòwò ló fi ń rà á.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí dáadáa ni ọ̀rọ̀ Ophelia àti wáyà. Lọ́dọ̀ Shakespeare, Polonius àti ọba sá pamọ́, wọ́n ń tẹ́tí sí ohun tí Hamlet ń bá Ophelia sọ. Ní New York ọdún 2000, ta ló tún ń sá sẹ́yìn kọ́tìnnì? Bill Murray, tó ṣe Polonius, so ẹ̀rọ agbóhùn mọ́ ara ọmọ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Ẹ wo ojú Julia Stiles bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò bá bàbá rẹ̀ jiyàn. Ó gbà á mọ́ra, ó sì lọ bá Hamlet láti dá lẹ́tà àti ẹ̀bùn rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ le láàrin wọn, lẹ́yìn náà ó rọ̀, ìfẹ́ fẹ́ sọjí. Hamlet fà á mọ́ra. Ọwọ́ rẹ̀ ń rìn lára aṣọ rẹ̀, ó sì kan wáyà.

Kò sí àlàyé kankan tó lè ju ìyẹn lọ. Ọmọbìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ ni wọ́n sọ di ẹ̀rọ, bàbá tó bí i ló sì sọ ọ́ dì í. Nígbà tí Ophelia délé, ohùn Hamlet ń bú u lórí ẹ̀rọ tó ń gba ìpè sílẹ̀, ó sì ń dáná sun àwòrán. Yàrá kan, wáyà kan, tẹlifóònù kan. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó de gbogbo wọn mọ́lẹ̀ nínú fíìmù yẹn: kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè dá wà. Kámẹ́rà aṣọ́lé wà lórí lífìtì, kámẹ́rà Hamlet wà lọ́wọ́ rẹ̀, etí ilé-iṣẹ́ wà lábẹ́ aṣọ ọmọge. Ààfin àtijọ́ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà tún wà. Claudius fi Hamlet ránṣẹ́ sí England pẹ̀lú ìwé pé kí wọ́n pa á tó bá dé. Nínú eré, Hamlet jí ìwé náà kà lóru lórí ọkọ̀ ojú omi, ó sì kọ òmíràn. Nínú fíìmù, inú ọkọ̀ òfuurufú ni, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tó ń ṣọ́ ọ ti sùn, ó ṣí kọ̀ǹpútà àgbélétan, ó yọ orúkọ tirẹ̀, ó fi tiwọn sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ayé ṣe rí. Orúkọ kan jáde nínú fáìlì, òmíràn wọlé, ayé ẹnìkan sì ti yí padà.

Ibi tí Hamlet ti ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá kí òun wà láyé tàbí kí òun má wà, tí ó gbajúmọ̀ jù nínú gbogbo eré náà, inú ilé tí wọ́n ti ń yá fíìmù ni wọ́n ti ṣe é. Ó ń rìn láàrin pẹpẹ fíìmù oníjàgídíjàgan, níbi tí àwọn akọni ti ń gbẹ̀san láàrin wákàtí kan àbọ̀ láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Òun nìkan ni kò lè gbé ẹsẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló gún. Ní ìparí, Hamlet àti Laertes ń ja ìjà idà lórí òrùlé ilé, gẹ́gẹ́ bí Shakespeare ṣe kọ ọ́. Mi ò gbà á gbọ́. Ọmọ olówó méjì tó ń bínú sí ara wọn ní New York kò ní pe ara wọn sí eré idà, lọ́yà ni wọn yóò pè. Ìgbà tí ìbọn dún níbẹ̀ ni mo tó gbà pé a ti padà sí ayé tí fíìmù náà dá sílẹ̀. Òkú bàbá náà, tí Sam Shepard ṣe, wọ sínú ẹ̀rọ tó ń ta Pepsi, ó sì parẹ́. Mo mọ ohun tí olùdarí ń wí, pé òwò ti gbé bàbá mì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò bà mí, eré tí òkú bá sì yọ nínú rẹ̀ tí ẹ̀rù kò ba ènìyàn, ó ti pàdánù nǹkan ńlá.

Ní tiwa, a kò nílò ẹ̀rọ kankan. Ta ni kò tíì gbọ́ ìtàn àkúdàáyà rí? Ẹni tó kú ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, tí wọ́n sin, tí àwọn oníṣòwò wá pàdé rẹ̀ ní òkè Ọya, ó ń tajà, ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, bó sì ṣe gbọ́ pé ará ilé ti rí òun báyìí, ó di àwátì. Òkè Ọya tí wọ́n ń wí nínú ìtàn yẹn, àwa la ń gbé ibẹ̀. Ẹ wo bí fíìmù kan ṣe lè bẹ̀rẹ̀: alága ilé-iṣẹ́ kú ní Àbújá, wọ́n gbé e lọ sin sí Ìjẹ̀bú, lẹ́yìn ogójì ọjọ́ awakọ̀ rẹ̀ rí i ní ọjà Suleja, ó ń ṣa tòmátì sínú ọ̀rá. Ọkùnrin kan, ọjà kan, ojú awakọ̀. Kò sí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó lè bani lẹ́rù tó ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n yà sí ọ̀nà Benue díẹ̀, torí ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe àtúnṣe eré òkèèrè gbọ́dọ̀ mọ̀. Laura Bohannan, onímọ̀ nípa àṣà àwọn ènìyàn tó wá láti Amẹ́ríkà, gbé láàrin àwọn Tiv. Lọ́jọ́ kan àwọn àgbà ní kí ó pa ìtàn fún àwọn, ó sì pa ìtàn Hamlet. Ó gbàgbọ́ pé ìtàn náà kò lè rújú sí ẹnikẹ́ni láyé. Ó tẹ ìròyìn ọjọ́ náà jáde ní 1966. Nígbà tó dé ibi tí Claudius ti fẹ́ opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, inú àwọn àgbà dùn, wọ́n ní ó ṣe dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ. Ó ní Gertrude kò ṣọ̀fọ̀ pẹ́, pé ọdún méjì ló yẹ kí opó fi ṣọ̀fọ̀. Ìyàwó baálẹ̀ dá a lóhùn pé ọdún méjì ti pẹ́ jù, ta ni yóò máa ro oko fún obìnrin tí kò lọ́kọ? Ó ní òkú ọba yọ. Wọ́n ní rárá, òkú kì í rìn, àjẹ́ ló rán àmì burúkú náà wá. Àgbà kan sì béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé Shakespeare: ṣé ìyá kan náà ló bí ọba tó kú àti àbúrò rẹ̀?

Mo rí ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń mi orí. Ṣíṣú opó kì í ṣe àjèjì sí àwọn bàbá ńlá wa. Nínú ìlànà Ìsìláàmù náà, kò sí èèwọ̀ nínú kí ọkùnrin fẹ́ opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àfi kí ó jẹ́ kí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó fi ń dúró pé. Ohun tó jẹ́ ìríra lójú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà Shakespeare, ìtọ́jú ẹbí ni lójú ọ̀pọ̀ èèyàn wa. Nítorí náà, tí ẹ bá kó ìran yẹn sínú fíìmù Yorùbá bó ṣe wà, ìyá tó jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n ní Karu yóò béèrè pé, “Kí ló wá burú níbẹ̀?” Kò sì ní sí èsì.

Ẹ ní láti gbé ẹ̀ṣẹ̀ náà síbòmíràn. Bóyá ọjọ́ kò tíì pé. Opó ṣì wà nínú aṣọ ọ̀fọ̀, àwọn tó wá kí i ṣì jókòó sórí ẹní nínú pálọ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú fólda lábẹ́ apá, ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ìwé kékeré kan ni wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí ní báńkì.” Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà wo ọwọ́ obìnrin náà bó ṣe ń wá ibi tí yóò gbé bírò sí lórí ìwé náà, torí omi ojú kò jẹ́ kí ó ríran. Ìran yẹn yóò dun Yorùbá ju ìgbéyàwó lọ.

Ìbéèrè àgbà Tiv yẹn sì ni Yorùbá náà yóò béèrè: ṣé ọmọ ìyá ni wọ́n, àbí ọbàkan? Òǹkọ̀wé Yorùbá tí kò bá dáhùn rẹ̀ ní ojú ìwé kìíní ti fi nǹkan dù wá. Tí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ìyá, ìwà náà burú kọjá ohun tí ẹnu lè sọ. Tí wọ́n bá jẹ́ ọbàkan, ìtàn kan ti wà kí ìtàn yìí tó bẹ̀rẹ̀, ìtàn orogún méjì àti ohun tí ẹnìkan jẹ tí ẹnìkejì kò jẹ.

Ohun kan wà tí Almereyda fò dá pátápátá. Hamlet rò pé ọba ló wà nínú wọ́ọ̀dùróòbù, ó yìnbọn gba inú dígí rẹ̀, ó pa Polonius. New York nìyí o. Ọlọ́pàá dà? Lọ́yà dà? Ilé-iṣẹ́ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, a sì ń bá eré lọ. Àwọn èèyàn Àbújá kò ní jẹ́ kí irú èyí kọjá. Ìlú tí ICPC àti EFCC fi ṣe olú-ilé ni ìlú yìí, ọ̀kan láti 2000, èkejì láti 2003. Ohun àkọ́kọ́ tí olùwòran yóò sọ ni pé, “Kí ló dé tí kò kọ pẹ́tíṣọ̀n?” Ẹ má fi ìbéèrè náà ṣe yẹ̀yẹ́. Tí òfin bá wà, tí àyè ẹ̀sùn bá wà, ẹ ní láti fi hàn wá ìdí tí ọmọ náà fi yan ẹ̀san.

Akira Kurosawa ti dáhùn ìbéèrè yìí ní Japan ní 1960, nínú fíìmù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní The Bad Sleep Well. Fíìmù olówó kékeré kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sún mọ́ wa ju ti New York lọ, torí iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba àti rìbá ni. Ibi ìgbéyàwó ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé àkàrà ìgbéyàwó wọlé, wọ́n ṣe é ní àwòrán ilé ọ́fíìsì, òdòdó kan sì wà ní ojú fèrèsé tí òṣìṣẹ́ kan ti já bọ́ tó sì kú. Ọkọ ìyàwó, tí Toshiro Mifune ṣe, ọmọ ẹni tó kú yẹn ni. Ó pa orúkọ dà, ó di akọ̀wé ọ̀gá tó lọ́wọ́ nínú ikú bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ ọmọ ọ̀gá náà. Kí ló dé tí kò lọ sọ fún ìjọba? Àwọn ọlọ́pàá wá, wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ náà sì yàn láti kú dípò kí wọ́n dárúkọ ọ̀gá. Nígbà tí fíìmù parí, ọ̀gá náà ṣì ń fi ìtẹríba bá ẹni tó ga jù ú lọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. A kò rí ẹni náà rárá. Kí ni òfin yóò ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Tiwa tún ní ohun tí Kurosawa kò ní. Ní oṣù Kejìlá 2016, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ pé ẹni tó bá tú àṣírí owó ìlú tí wọ́n jí, tí wọ́n bá rí owó náà gbà padà, yóò gba ìdá 2.5 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọmọ kan tó mọ̀ pé àbúrò bàbá òun kó owó iṣẹ́ àgbàṣe jẹ, ó sì pa bàbá òun kí àṣírí má bàa tú. Tó bá lọ sọ, owó ńlá yóò wọ àpò rẹ̀. Ṣé ẹ̀san bàbá ló gbà yẹn, àbí ó ta ikú bàbá rẹ̀? Hamlet Àbújá lè fòní dónìí lórí ọ̀rọ̀ yìí fún wákàtí méjì gbáko, kò sì sí ẹni tí yóò bú u pé ó jẹ́ ojo.

Kí ló tún dé tí kò kàn fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ó lọ wá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe? Ọmọ ọba kò lè kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ọmọ alága lè kọ ọ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ fíìmù oníṣòwò wa ti ń tú. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1990 béèrè ènìyàn méjì, ó kéré tán, kí wọ́n tó lè dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Òfin 2020 ló gbà kí ẹnìkan ṣoṣo dá a sílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ bàbá tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ kí òfin yẹn tó yí padà fi orúkọ ìyàwó sí i láti fi kún iye. Obìnrin náà kò dé ọ́fíìsì rí, kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ kú, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ di wúrà. Ẹ ti rí ìdí tí Claudius fi fẹ́ Gertrude. Kò dá mi lójú pé ó nílò ìfẹ́.

Tí bàbá bá tún fẹ́ ìyàwó ju ọ̀kan lọ, tó kú láìkọ ìwé ogún, àṣà wa ní ọ̀nà méjì. Wọ́n lè pín ogún ní ìdí igi, kí ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan fún àwọn ọmọ rẹ̀, tàbí kí wọ́n pín in ní orí ò jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole lórí ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa nígbà náà, ní 1962, ìdí igi ló sì borí. Ẹ wo ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí, níwájú ọmọ márùn-ún tí orogún bí, tí ìpín wọn dọ́gba. Ọmọ yẹn kò lè lọ síbì kankan. Tó bá kúrò ní ilé-iṣẹ́, ìdí igi ìyá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún ẹni tó pa bàbá rẹ̀. Ìyẹn de ènìyàn mọ́lẹ̀ ju adé Denmark lọ.

Ọ̀rọ̀ èdè ló kù, ibẹ̀ sì ni mo ti rò pé a lè ṣe dáadáa ju Almereyda lọ. Ó fi èdè Shakespeare sílẹ̀ bó ṣe wà, ó kàn gé e kúrú. Òṣèré wọ kóòtù, ó di fóònù mú, ó sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì irinwó ọdún sẹ́yìn. Nígbà mìíràn ó dùn létí. Nígbà mìíràn ẹnu àti ara kò bára mu. Àwa kò ní irú ìyọnu bẹ́ẹ̀, torí èdè gíga kò tíì kúrò nínú ayé òwò wa. Ọ̀gá tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ìpàdé ní Maitama láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹ wò ó ní Sátidé níbi ìnáwó. Onígángan kan yóò fi ìlù ki bàbá ńlá rẹ̀, orí rẹ̀ á wú, owó á jáde. Àwọn marọ́kà Hausa náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa pe orúkọ rẹ̀.

Ẹ rántí pé Hamlet ṣe eré kan níwájú ọba láti fi mọ̀ bóyá lóòótọ́ ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nínú fíìmù Almereyda, fídíò tí Hamlet fúnra rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ ni. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìlù gángan dípò rẹ̀. Gbọ̀ngàn ńlá kan ní Àbújá, ìgbéyàwó Claudius, mínísítà wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́jà láti Kano wà níbẹ̀, àwọn òyìnbó oníṣẹ́ àgbàṣe wà níbẹ̀. Hamlet ti bá onílù sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Onílù bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọkọ ìyàwó, ó ń kí i dáadáa, owó ń já bọ́. Lẹ́yìn náà ìlù yí ohùn padà. Ó sọ gbólóhùn kan nípa ẹni tó jẹ ẹ̀gbọ́n tán tó ń jẹ ìyàwó ẹ̀gbọ́n. Gbogbo Yorùbá inú gbọ̀ngàn náà gbọ́ ọ. Àwọn yòókù kò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n ń jó lọ. Gertrude, ìyàwó náà, dúró sójú kan. Ọwọ́ Claudius tó ń ná owó dúró lókè. Tó bá bínú jáde, ó ti jẹ́wọ́. Tó bá dúró, ó ní láti máa jó sí i. Ta ló sì lè mú onílù? Ìlù ló sọ ọ́, òun kò la ẹnu. Gbọ̀ngàn kan tí ìnáwó ẹbí yín ti gbà tẹ́lẹ̀, onílù kan, ojú mẹ́ta: ohun tí ẹ óò ná nìyẹn. Mi ò mọ ibòmíràn láyé tí wọ́n ti lè ṣe irú ìran yẹn àfi láàrin àwa Yorùbá tí a wà láàrin àwọn ẹ̀yà mìíràn.

Ní ti iṣẹ́ gan-an, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Central Area máa ń dá páropáro lọ́jọ́ Àìkú, ilé onídígí tí ẹ nílò wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ojú, ṣùgbọ́n ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé, ẹ má sì gbé kámẹ́rà sún mọ́ Three Arms Zone láìgbàwé. Ohùn ló ń ba fíìmù wa jẹ́ ju àwòrán lọ. Ẹ dín owó aṣọ kù, kí ẹ fi yá ẹ̀rọ agbóhùn tó dára, kí ẹ sì wá ibi tí jẹnẹrétọ̀ kò ti ní bá òṣèré yín sọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ náà dáadáa, National Film Institute wà ní Jos, kò jìnnà.

Ẹ kú sùúrù. Mo mọ̀ pé àwọn kan láàrin yín ti ń kọ ìtàn ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́, mo sì fẹ́ gbọ́ ọ. Kí ẹni tó bá dìde má sọ fún wa ohun tí alága yín wọ̀ tàbí mọ́tò tó ń gùn. Ẹ sọ ohun tó dì í mọ́lẹ̀, kí gbogbo wa jọ wò ó bóyá okùn náà yi tó. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò wa tó nawọ́ lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn.